Morẹ́nikẹ́ Kì í Kúnlẹ̀ ní Tẹ́ṣàn

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń kúnlẹ̀ jù ní gbogbo Pópó Yemọja, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Morẹ́nikẹ́ ni. Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló ń rán, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì fara ti tèmi níbi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ọdún kẹtàlélógún rèé tá a ti jọ ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, n kò tíì rí ọjọ́ kan tó kí àgbà lóòró. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta péré jù ú lọ, ó di dandan kó kúnlẹ̀ kí i. Ó ń kúnlẹ̀ kí àwọn tíṣà tó lè bí lọ́mọ, ó ní àwọn ló ń gbé iṣẹ́ wá. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó kúnlẹ̀ dáhùn fóònù. Mo bi í bóyá ẹni tó pè é ń rí i. Ó ní bí òun bá jókòó, á hàn nínú ohùn òun.

Ẹni yìí kan náà, bó bá ti wọ tẹ́ṣàn ọlọ́pàá báyìí, orúnkún rẹ̀ á gan. Kò sí ọ̀gá ọlọ́pàá, kò sí ìmáàmù, kò sí baálé ilé tó lè rí Morẹ́nikẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé aláfojúdi ni. Èmi mọ̀ pé kò rọrùn fún un rárá, nítorí mo máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìró.

Misbaudeen, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló fà á. Káfíńtà ni Misbaudeen. Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó lọ bá bàbá kan kan òrùlé ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ìgbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n wá jẹnẹrétọ̀ bàbá náà tì. Bàbá náà fi igbe ta. Kí ni Misbaudeen ṣe? Ohun tí ìyá wọn kọ́ ọ ló ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ dárí jì mí.”

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ èyí? Bí àgbà bá ń bínú, a ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn la ó tó wá bi ara wa pé ta ló ṣe é. Ìbínú là ń bẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti bẹ ọkọ mi nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó ń wá kiri, tó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọlọ́pàá kò mọ ìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Misbaudeen jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kó tẹ̀ka, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́rin ló lò lẹ́wọ̀n kí ọwọ́ tó tẹ ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ.

Lọ́yà ọ̀dọ́bìnrin kan, Ifáyọ̀kẹ́, ọmọ ilé onífá kan lẹ́yìn òkè Mápó, ló gba ẹjọ́ Misbaudeen rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, ibi tí Ifáyọ̀kẹ́ bá ti ń gbé ẹsẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ ti ń gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń ka Yorùbá bí ẹni mumi. Ó ní kí Ifáyọ̀kẹ́ kọ òfin tó wà fún ẹni tí ọlọ́pàá bá mú fún òun lédè tí òun gbọ́. Ifáyọ̀kẹ́ bá kọ ọ́ sẹ́yìn bébà tí Morẹ́nikẹ́ fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ, Morẹ́nikẹ́ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́sálásí.

Láti ìgbà náà ni etí mi kò ti sinmi. Máṣíìnì ń lọ, ẹnu Morẹ́nikẹ́ náà ń lọ, bí ọmọ ilé kéú tó ń ka wàláà. “Ẹni tí wọ́n mú gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi mú un, lédè tó yé e. Ó lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà. Wọn kò gbọdọ̀ lù ú. Wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ. Bí kóòtù bá wà nítòsí, ọjọ́ kan péré ni, kí wọ́n gbé e débẹ̀. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni.” Èmi tí n kò bá wọn kọ́ ọ, mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Bushrah ọmọ-ọmọ mi ń fi í fo okùn.

Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ fi òfin tirẹ̀ kún un, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan: ẹ má kúnlẹ̀ ní tẹ́ṣàn, ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má bẹ̀bẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti mú ẹnì kan ládùúgbò, ṣọ́ọ̀bù wa ni àwọn èèyàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré wá. Morẹ́nikẹ́ á mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sára aṣọ, á bi wọ́n pé, “Aago mélòó ni wọ́n mú un?” Á kọ ọ́ sára apá bùbá rẹ̀, á sì gbọ̀nà tẹ́ṣàn lọ. Àwọn ọlọ́pàá tó wà nítòsí wa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Lọ́yà Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Wọn kò kórìíra rẹ̀, kódà òun ló ń bá wọn gé ṣòkòtò kúrú.

Ó wá di Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ìrun Alásárì. Fóònù Morẹ́nikẹ́ dún. Ọkọ Sìdí ni, awakọ̀ ni, ó wà lọ́nà Ìlọrin. Sìdí ìyàwó rẹ̀ ló ń dirun nísàlẹ̀ òkè Mápó, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa ní kí ẹ má bínú. Ọkọ rẹ̀ ní wọ́n ti mú un lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n ní ó jí yẹtí wúrà.

“Aago mélòó ni wọ́n mú un?” Morẹ́nikẹ́ ti na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀kì.

“Aago mẹ́ta, Mà.”

“Ta ló fẹjọ́ sùn?”

“Alhaja yín ni, Mà. Alhaja Títílayọ̀.”

Morẹ́nikẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Èmi náà gbé òwú tí mo ń ká sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó dé bá ọ̀rẹ́ mi: Alhaja Títílayọ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ìyáálé gbogbo agboolé wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Òun ló fi omi fọ ẹsẹ̀ Morẹ́nikẹ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Morẹ́nikẹ́ ti ń kúnlẹ̀ kí i ní òròòwúrọ̀, ojú kan náà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan náà. Àgbà tí kì í purọ́ ni, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, gbogbo Ọjà'ba ló máa gbọ́.

“Má lọ,” ni mo wí. “Jẹ́ ká pe Ifáyọ̀kẹ́.”

Ó pè é. Ifáyọ̀kẹ́ ní òun wà ní kóòtù l'Ọ́yọ̀ọ́, kí Sìdí má tẹ̀ka sí ohunkóhun kí òun tó dé. Morẹ́nikẹ́ wò mí. “Àgbékẹ́, ìwọ náà mọ Sìdí. Bí wọ́n bá gbé bírò sí i lọ́wọ́, á ní kí bírò má bínú.” Ó wé gèlè rẹ̀. Mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ kedere. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ lé e.

Ìgbà tá a wọlé, Sìdí wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kàǹtà, ó ń sunkún. Alhaja wà lórí bẹ́ǹṣì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, yẹtí kan létí ọ̀tún, etí òsì ṣófo. Kọ́púrù Abdulmajeed, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ bí kò bá pa òwe, ti kọ ìwé tán, ó ń ṣí páàdì yíǹkì kí Sìdí lè tẹ̀ka.

Morẹ́nikẹ́ dúró ṣánṣán. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.”

“Háà, Lọ́yà Ṣọ́ọ̀kì! Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ tiẹ̀ ti pẹ́ jù. Ó ti jẹ́wọ́.”

“Morẹ́nikẹ́.” Ohùn Alhaja kò lọ sókè, ìyẹn ló burú jù. “Ṣé mo ti dògiri ni? O ò rí mi ni?”

Mo rí i tí orúnkún ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ń fà á nísàlẹ̀. Ó di etí kàǹtà mú.

“Mo rí yín, Alhaja. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mà. Ọ̀wọ̀ yín wà lọ́rùn mi. Tá a bá délé, n ó kúnlẹ̀. Níbí yìí, n ò lè kúnlẹ̀.”

Alhaja gbójú kúrò lára rẹ̀. Omi lé ròrò sí Morẹ́nikẹ́ lójú, ṣùgbọ́n kò nù ún. Ó kọjú sí Kọ́púrù.

“Ọ̀gá, ẹ bá wa ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ní Yorùbá, kẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ka lè gbọ́ ọ.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ ò le tó yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá mẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, ká bá a bẹ Alhaja.”

“Òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó mẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi. Sìdí, ṣó o mẹjọ́ ẹ lẹ́bi?”

Sìdí ń wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, Mà.”

Ó ku díẹ̀ kí n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Kọ́púrù nawọ́ sí i, bí ẹni tó ń wí pé, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Morẹ́nikẹ́ tún kọjú sí Kọ́púrù.

“Ẹ kà á, ọ̀gá. Agbẹ́jọ́ẹnìkandájọ́ ò sunwọ̀n.”

Kọ́púrù gbé ìwé náà, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. “Mo di irun Alhaja lọ́ọ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n bọ́ yẹtí wọn. Ìgbà tí mo lọ, wọn ò rí ọ̀kan. Wọ́n pè mí padà. Mo kúnlẹ̀, mo gbà pé mo jẹ̀bi, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí jì mí.”

“Hẹ̀n-ẹ́n?” Sìdí gbórí sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, sà, n ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ forí jì mí, sà.”

“Sìdí, dìde,” ni Morẹ́nikẹ́ wí.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Mà.”

“Dìde, kó o máa bẹ̀rù lóòró.”

Bóyá ohùn rẹ̀ ti ga jù, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn inú ṣí, ọ̀gá tẹ́ṣàn fúnra rẹ̀ jáde. Obìnrin ni, ó sanra, ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa, ó sì fi ìka há inú fáìlì tó ń kà. Ó ní kí wọ́n tún ìwé náà kà. Wọ́n tún un kà. Ó jókòó ti Alhaja lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Màmá, nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú yín, kí ló fẹnu ẹ̀ sọ gan-an?”

“Ó ní kí n má bínú.”

“Ṣó ní òun mú yẹtí?”

Ìka Alhaja dúró lórí tẹ̀sùbáà. Mo ti sọ fún yín pé kì í purọ́. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn, tí kò rí i.

“Rárá,” ló wí. “Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò jẹ̀bi, tá á máa bẹ̀bẹ̀?”

Ọ̀gá tẹ́ṣàn bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, mo ti kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ mi nítorí ọbẹ̀ tí wọ́n fúnra wọn sè. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ẹ ò ní bá mi níbí lónìí.”

Kọ́púrù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan tó wà nínú àhámọ́ lẹ́yìn ọ̀hún, tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́, rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Alhaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Abdulmajeed,” ni ọ̀gá wí, “mú ìwé mìíràn. Kọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ni kó o kọ. Bó bá sì fẹ́ dákẹ́ di ìgbà tí lọ́yà ẹ̀ máa dé, fi í lọ́rùn sílẹ̀.”

A pe Ifáyọ̀kẹ́ padà, ó sì bá Sìdí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Sìdí ní òun á sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, ó kọ́kọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ló nà tán. N kò mọ̀ pé ọmọ yẹn ga tó bẹ́ẹ̀.

“N ò mú yẹtí Alhaja,” ló wí. “Mo bẹ̀ wọ́n nítorí pé inú ń bí wọn. Kò sí nǹkan mìíràn.”

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n kà á sí i létí, ó tẹ̀ka. Wọ́n fún wa ní béèlì rẹ̀, èmi àti Morẹ́nikẹ́ la dúró fún un. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n lè parí ìwádìí. Títí dìgbà yẹn, ẹ̀sùn olè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ nísàlẹ̀ Mápó kò sì dúró kí Jímọ̀ dé kí wọ́n tó máa gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Morẹ́nikẹ́ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn Alhaja bó ṣe ṣèlérí. Alhaja kò dáhùn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó tún lọ. Alhaja ti fèrèsé. Ó kúnlẹ̀, ó kí ilẹ̀kùn: “Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Ṣé ẹ jí dáadáa?” Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, ó dìde, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Inú bí mi gan-an. Mo ní kí ló kù tó ń bẹ, ṣebí ó ti tó.

“N ò bẹ̀bẹ̀,” ló wí. “Mo ń kí wọn ni. Ìyáálé mi ṣì ni wọ́n.”

Mo ní ilẹ̀kùn ni ìyáálé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó rán apá òsì mọ́ ibi apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ Morẹ́nikẹ́.

Jímọ̀ wá dé. Alhaja fẹ́ ṣe àlùwàlá láàárọ̀, ó gbé búútà ńlá rẹ̀ tí kì í lò àfi lọ́jọ́ Jímọ̀, ó pọnmi sí i, ó yí i, omi kò jáde dáadáa. Ó mì í. Nǹkan dún kọ́rọ́ nínú rẹ̀. Ó da omi sílẹ̀, yẹtí wúrà sì já bọ́ sínú abọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa báyìí lẹ́yìn náà: pákó tó wà lókè búútà ló gbé yẹtí méjèèjì lé nígbà tí Sìdí ń dirun rẹ̀, ó sì gbàgbé pé kò fi ìdérí búútà dé e.

Àwa kò mọ nǹkan kan. Èmi, Morẹ́nikẹ́ àti Sìdí wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, à ń múra àtilọ sí tẹ́ṣàn. Sìdí ti wọ aṣọ tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. A rí Alhaja tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lójú títì. Kò kí ẹnì kankan. Ó dé iwájú Sìdí, ó la àtẹ́lẹwọ́, yẹtí wà níbẹ̀. Ó gbé ọ̀pá jù sílẹ̀, ó di apá àga mi mú, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku.

“Èèwọ̀!” Ohun tí gbogbo wa ké nìyẹn. Onípákó òdìkejì títì ń sáré bọ̀. Sìdí fẹ́ ju ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbé e dìde, ṣùgbọ́n Morẹ́nikẹ́ ti di í lọ́wọ́ mú.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni Morẹ́nikẹ́ wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.”

“Sìdí,” ni Alhaja wí, “n ò wá bẹ ìbínú ẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo pè ọ́ lólè, o ò jalè.”

Mo sunkún, n kò ní purọ́. Onípákó náà ń fi fìlà nu ojú, ó ní eruku ni. Sìdí dúró, ó ń wo àgbà obìnrin náà nílẹ̀, kò sì sáré sọ pé kò sí nǹkan. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára.

“Mo gbọ́, Alhaja,” ló wí lẹ́yìn náà. “Ẹ dìde, Mà. Wọ́n ń retí mi ní tẹ́ṣàn.”

“Mò ń bá ọ lọ. Ẹnu tí mo fi fẹjọ́ sùn ni n ó fi gbà á padà.” Ó yíjú sí Morẹ́nikẹ́ tó ti ń kúnlẹ̀ kí i nínú eruku kan náà. “Ìwọ, dìde, má sọ aṣọ di ẹlẹ́gbin. O káàárọ̀.”

A dé tẹ́ṣàn. Alhaja kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó lọ dúró síwájú kàǹtà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́, ó ní kí Kọ́púrù Abdulmajeed mú ìwé tuntun, kó kọ ọ́ ní Yorùbá pé yẹtí ti yọjú nínú búútà, pé Sìdí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó sì kà á sí òun létí kí òun tó fọwọ́ kàn án. Kọ́púrù kọ ọ́, ó kà á, kò pa òwe kankan. Ìka Alhaja ń gbọ̀n lórí yíǹkì, kò lè gbé e sójú ìlà. Sìdí ló bá a di ọwọ́ mú tó fi tẹ̀ ẹ́.